Bí oògùn Parkinson kò bá tètè ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ yẹ inú wò

Àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó ní àrùn Parkinson mọ ìṣòro yìí dáadáa. Bàbá lo oògùn ní aago mọ́kànlá àárọ̀. Aago kan ọ̀sán lù, ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ò ṣeé gbé. Bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 40 ni oògùn yìí kan náà fi ṣiṣẹ́ lánàá. Èrò tó kọ́kọ́ máa ń sọ síni lọ́kàn ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa, tàbí pé àrùn náà ti le sí i, ká kúkú fi hóró kan kún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn ò lẹ́bi. Inú àpòlúkù ló ṣì jókòó sí, kò tíì débi tí ara ti máa gbà á.

Levodopa ni oògùn tí à ń wí, òun sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń lò. Ara kì í gba levodopa láti inú àpòlúkù. Ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, níbi tí àpòlúkù ń da oúnjẹ sí, ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Tí àpòlúkù bá lọ́ra, oògùn náà á lọ́ra. Tí àpòlúkù bá sì kọ̀ tí kò tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tí kò lo oògùn rárá ni. A máa kọ́kọ́ sọ ìdí tí inú fi ń lọ́ra nínú àrùn yìí, torí ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ ò ní lè tò ó. Lẹ́yìn náà la óò wá sọ ohun tí ẹ lè ṣe nílé àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà.

Ibi tí àṣẹ ti ń wá

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí máa tètè lóye iṣẹ́ àpòlúkù. Apá òkè rẹ̀ máa ń rọ̀, á gbòòrò láti gba oúnjẹ. Apá ìsàlẹ̀ ló ń lọ̀ ọ́: ó ń fún pọ̀ ní bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Ẹnu ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni asẹ́ gan-an. Oúnjẹ líle tí kò bá tíì kúnná tó bíi mìlímítà méjì, ẹnu ọ̀nà yẹn á dá a padà kí wọ́n tún un lọ̀. Omi kì í pẹ́ níbẹ̀. Ẹran, ọ̀rá àti ẹ̀fọ́ tó ní fọ́nrán líle ló ń pẹ́, bí èèpo àgbàdo ṣe máa ń kù sójú asẹ́.

Ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ni àṣẹ iṣẹ́ yìí ti ń wá. Iṣan kan tí wọ́n ń pè ní vagus ló ń gbé e gba ọrùn àti àyà kọjá, títí dé ara àpòlúkù. Níbẹ̀, kẹ́míkà ló ń jíṣẹ́ náà. Acetylcholine ń sọ fún àpòlúkù pé kó fún pọ̀. Nitric oxide ń sọ fún un pé kó rọ̀. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣe déédéé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oúnjẹ á dúró sójú kan.

Dopamine náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Apá dúdú kékeré kan wà láàárín ọpọlọ tó jẹ́ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló ń ṣe dopamine tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi ń gbọ́ràn síni lẹ́nu. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ni Parkinson ń pa. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé apá dúdú yìí ní okùn tó nà dé gbòǹgbò vagus. Àwọn olùwádìí ní Penn State University ní Amẹ́ríkà fi eku yẹ èyí wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2017: nígbà tí wọ́n ta apá dúdú náà jí, àpòlúkù eku túbọ̀ fún pọ̀; nínú eku tí wọ́n ti mú kó ní àrùn tó jọ Parkinson, okùn náà ò jíṣẹ́ dáadáa mọ́.

Gbòǹgbò vagus fúnra rẹ̀ kì í sì í bọ́. Purotéènì kan wà, alpha-synuclein, tó máa ń dì pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn tó ní àrùn yìí. Lọ́dún 2003, Heiko Braak àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ṣàlàyé pé ó lè ti wà ní gbòǹgbò vagus kó tó dé apá dúdú. Kì í ṣe ọ̀nà yìí ni àrùn náà ń gbà lára gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń sọ mu, pé ìgbẹ́ ti ń le, ọdún bíi mélòó kan, kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ibì kan wà tó máa ń rú èèyàn lójú, ó sì ṣe pàtàkì gan-an. Nínú ọpọlọ, dopamine ń ti àpòlúkù síwájú. Lára ògiri àpòlúkù, dopamine yìí kan náà ló ń fà á sẹ́yìn, torí ó máa ń dí acetylcholine lọ́wọ́ kó má jáde tó bó ṣe yẹ. Wàyí o, levodopa tó bá pẹ́ nínú àpòlúkù, ẹ́ńsáìmù tó wà níbẹ̀ á sọ lára rẹ̀ di dopamine. Levodopa tó ti di dopamine nínú ikùn ò lè wọ ọpọlọ mọ́. Iṣẹ́ tó kù fún un kò ju kó mú àpòlúkù lọ́ra sí i, kó sì mú kí èébì máa gbé èèyàn. Oògùn tó pẹ́ lójú ọ̀nà wá di ohun tó ń dí ọ̀nà fún ara rẹ̀.

Torí èyí ni wọ́n ṣe ń po carbidopa tàbí benserazide mọ́ levodopa, kí wọ́n lè mú ẹ́ńsáìmù yẹn so. Carbidopa tó ń tó iṣẹ́ yìí jẹ́ nǹkan bíi mìlígíráàmù 70 sí 100 lójúmọ́. Ẹni tó ń lo hóró 25/100 (ìyẹn carbidopa mìlígíráàmù 25 pẹ̀lú levodopa 100) méjì péré lójúmọ́, mìlígíráàmù 50 ló ń rí. Tí èébì bá wá ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá lo oògùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá kó fi carbidopa lásán kún un. Àtúnṣe kékeré ni, kì í sì í sábà wá sọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ kan, ìwé kan, bírò kan

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ohun márùn-ún ni kí ẹ máa kọ: aago tó lo oògùn, aago tó jẹun àti ohun tó jẹ, aago tí ara tú, aago tí ara tún gan, aago tó yàgbẹ́ àti bí ìgbẹ́ náà ṣe rí. Aago gan-an ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ "lẹ́yìn oúnjẹ." Ọjọ́ kan lè rí báyìí:

6:00 oògùn, omi ife kan.
6:45 ara tú.
7:15 ògì oní mílíìkì, àkàrà mẹ́rin.
10:00 ara gan.
11:00 oògùn.
1:20 ara tú.
Kò yàgbẹ́ (ọjọ́ kẹta rèé).

Ìwé yìí ti sọ̀rọ̀. Oògùn àárọ̀ bá inú òfìfo, ìṣẹ́jú 45 ló gbà. Oògùn ọ̀sán, tó jẹ́ oògùn kan náà láti inú páálí kan náà, gba wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Nínú ẹni tí inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tó bá jẹun, ohun tó máa kù nínú àpòlúkù lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin kì í tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Nínú ẹni tí tiẹ̀ lọ́ra, àkàrà aago méje lè wà níbẹ̀ ní aago mọ́kànlá, kí hóró oògùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà.

Bí gbogbo oògùn bá ń pẹ́, títí kan ti àárọ̀ tó bá inú òfìfo, ẹ wo ìfun ńlá tó kún, ẹ wo àwọn oògùn míràn tó ń lò, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, torí ṣúgà tó ga máa ń mú àpòlúkù lọ́ra láyè ara rẹ̀. Bí oògùn bá ń ṣiṣẹ́ lásìkò ṣùgbọ́n tó ń tètè tán, ọ̀rọ̀ inú kọ́ nìyẹn. Ẹ gbé ìwé náà lọ bá dókítà kó tún ìgbà tí wọ́n ń lò ó tò. Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́: oògùn kan kọ̀, kò ṣiṣẹ́ rárá, èyí tó tẹ̀ lé e wá ṣiṣẹ́ àṣejù, tí ọrùn àti apá ń yí, tí ara ń jó láìjẹ́ pé èèyàn fẹ́ bẹ́ẹ̀. Méjèèjì ló jọ wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan náà.

Torí èyí ni a ṣe ń bẹ̀ yín: bí oògùn kan bá kọ̀, ẹ má fi òmíràn lé e. Ẹ jẹ́ kó di aago èyí tó kàn, àfi tí dókítà bá ti sọ ohun míràn fún yín. Hóró tó wà nínú kò sọnù, ó ń dúró de ìgbà tí ọ̀nà máa là ni. Bí hóró méjì bá jọ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, ara lè máa jó, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ kí bàbá sì ṣubú, tàbí kó máa rí àwọn èèyàn tí kò sí nínú yàrá.

Bí ẹ ṣe máa lo oògùn náà

Ẹ jẹ́ kó jókòó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ nàró. Ìdajì omi inú ọ̀rá, ìyẹn mìlílítà 250, ni kó fi gbé e mì. Omi díẹ̀ tí kò ju ẹnu kan lọ ò tó; hóró náà lè lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun, omi tó pọ̀ sì tún ń ran àpòlúkù lọ́wọ́ láti tètè tú u jáde. Tí ó bá ń wúkọ́ tàbí tí omi ń há a nígbà tó bá ń mu ún, ẹ má fipá mú un. Ẹ sọ fún dókítà, torí gbígbé nǹkan mì máa ń di ìṣòro nínú àrùn yìí, omi sì lè gba ibi tí kò yẹ wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Lẹ́yìn oògùn, ó kéré tán kó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó jẹun. Ẹni tí ìwé rẹ̀ fi hàn pé inú rẹ̀ lọ́ra, kó dúró tó ìṣẹ́jú 45 sí 60. Tó bá ti jẹun ṣáájú, kó tó wákàtí méjì kó tó lo oògùn. Láàárín àsìkò yìí, kó má dùbúlẹ̀. Kó jókòó, tàbí kó rìn díẹ̀ nínú ọgbà pẹ̀lú ẹni tó máa dì í mú.

Èébì máa ń gbé àwọn mìíràn tí wọ́n bá fi inú òfìfo lò ó, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bísíkíìtì méjì tí kò ní ọ̀rá púpọ̀, tàbí búrẹ́dì bíbẹ́ kan láìfi bọ́tà sí i, lè gbé e ró. Kì í ṣe mílíìkì, kì í ṣe Milo oní mílíìkì, kì í ṣe yúgọ́ọ̀tì.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú kì í bá levodopa gbé. Irin máa ń so mọ́ levodopa nínú ìfun, ara ò sì ní rí i gbà. Kó tó wákàtí méjì ó kéré tán láàárín wọn. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí fítámì tí ẹ rà pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ wọn ló ní irin.

Ẹ má lọ hóró tí wọ́n ṣe láti máa tú díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó jẹ ẹ́ lẹ́nu. Irú hóró bẹ́ẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbára lé nínú ẹni tí àpòlúkù rẹ̀ lọ́ra. Bí òun ló ń lò, tí ìwé rẹ̀ sì fi hàn pé lónìí ó ṣiṣẹ́, lọ́la ó kọ̀, ẹ fi han dókítà.

Ògì àti àkàrà

Oúnjẹ àárọ̀ tí a fẹ́ràn jù ló ń dá wàhálà yìí sílẹ̀ jù. Ògì fúnra rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan: ó ṣàn, ó kúnná, ó ti kọjá asẹ́ kó tó dé ẹnu. Àkàrà ló ní ọ̀ràn méjì nínú. Ẹ̀wà ni, ẹ̀wà sì kún fún purotéènì. Inú epo gbígbóná ni wọ́n ti dín in, ọ̀rá sì wà lára ohun tó ń mú àpòlúkù lọ́ra jù. Mílíìkì tí ẹ dà sí ògì tún fi purotéènì kún un.

Ọ̀ràn ọ̀rá kò nira láti lóye. Ti purotéènì gba àlàyé díẹ̀. Bí purotéènì bá dà nínú ìfun, á di àwọn nǹkan kéékèèké tó ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà tí levodopa ń gbà wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ọpọlọ náà, kan náà ni wọ́n ń bá a du. Oògùn tó bá dé pẹ̀lú ẹran máa tò sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ gba ẹran àti ẹyin kúrò lẹ́nu rẹ̀. A ti rí i tí àwọn ìdílé ṣe bẹ́ẹ̀, tí bàbá wá rù kù egungun. Parkinson nìkan ti ń mú èèyàn rù. Àgbàlagbà nílò purotéènì bíi gíráàmù 0.8 sí 1 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wọn kílò 60 nílò gíráàmù 48 sí 60 lójúmọ́. Ẹyin kan ní bíi 6, ẹja sísè gíráàmù 100 ní bíi 20 sí 25, ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi 15. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ sí alẹ́, nígbà tí kò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ tó fẹ́ fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe.

Nípa báyìí, ní àárọ̀ ó lè jẹ ògì oníṣúgà láìsí mílíìkì, tàbí iṣu sísè díẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ tí epo ò pọ̀ nínú rẹ̀, tàbí bọ̀ọ̀lì tó rọ̀. Lọ́sàn-án, àmàlà ìwọ̀nba ìkúùkù ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ewédú àti ẹja kékeré. Ẹ gbé mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹran tàbí ẹja ńlá sí aago méje alẹ́. Ẹ gbìyànjú èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì máa wọn ọ́n lórí ìwọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan, ẹ dá oúnjẹ rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àrùn yìí ni purotéènì ń dí lọ́wọ́, ó sì máa ń hàn jù lára àwọn tó ti ń lo levodopa fún ọdún púpọ̀.

Ìwọ̀n oúnjẹ náà ṣe pàtàkì. Abọ́ ńlá mẹ́ta lójúmọ́ pọ̀ jù fún àpòlúkù tó lọ́ra. Kékeré márùn-ún tàbí mẹ́fà ló dáa. Bí ó bá tètè yó, tí inú ń wú, tí ó ń gùfẹ̀ oúnjẹ àná, ẹ lọ ẹran kúnná, ẹ sè ẹ̀fọ́ títí yóò fi rọ̀, ẹ yọ awọ tòmátì àti fọ́nrán ọsàn kúrò. Ẹ̀fọ́ tútù àti èso tó ní fọ́nrán líle tí wọ́n ń sọ pé ó dára fún ìgbẹ́ lè dì sínú àpòlúkù tí kò lágbára láti lọ̀ ọ́. Ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ewédú àti ilá tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ ló rọrùn fún òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀.

Àwọn oògùn tó ń ba ọ̀nà jẹ́

Bí èébì bá ń gbé aláìsàn tí ẹ sì sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì, metoclopramide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Plasil tàbí Maxolon, ni wọ́n lè kọ́kọ́ nà sí yín. Ẹ má gbà á. Lóòótọ́ ó máa ń lé àpòlúkù síwájú, ṣùgbọ́n ó ń wọ inú ọpọlọ, ó sì ń dí dopamine níbẹ̀. Ẹni tó kéré ní dopamine tẹ́lẹ̀ lè gan mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Promethazine, prochlorperazine, haloperidol àti chlorpromazine náà ń dí dopamine. Cinnarizine tí wọ́n ń lò fún òòyì náà wà lára wọn.

Àwọn kan sì wà tí kò dí dopamine ṣùgbọ́n tí wọ́n ń mú inú sùn. Benzhexol, tí wọ́n tún ń pè ní Artane, wà lára oògùn Parkinson fúnra rẹ̀, wọ́n sì ń lò ó torí kò wọ́n. Acetylcholine ló ń dí, acetylcholine sì ni àpòlúkù fi ń fún pọ̀. Hyoscine fún inú rírun, amitriptyline, tramadol, codeine, àti oògùn ọgbẹ́ inú tó ní aluminium, gbogbo wọn náà ló ń mú inú lọ́ra. Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ tún wo abẹ́rẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ bíi semaglutide tí wọ́n ń lò fún ìtọ̀ ṣúgà tàbí láti fi rù: ó máa ń mú kí àpòlúkù pẹ́ kó tó tú oúnjẹ sílẹ̀.

Ẹ kó gbogbo páálí oògùn sínú báàgì kan, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Ẹ má fúnra yín dá èyíkéyìí dúró lójijì, pàápàá levodopa. Levodopa tí wọ́n bá ṣàdédé dá dúró lè fa ibà gbígbóná, ara líle gbagidi àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn, ó sì lè pa èèyàn.

Domperidone ni wọ́n sábà máa ń yàn fún àpòlúkù àti èébì nínú àrùn yìí. Dopamine tó wà lára ògiri àpòlúkù ló ń dí, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọpọlọ. Nípa báyìí, ó mú ìdènà ìsàlẹ̀ kúrò láìfọwọ́ kan ti òkè. Mìlígíráàmù 10 ni hóró kan, kì í sì í ju mẹ́ta lọ lójúmọ́. Wọ́n máa ń lò ó ní bíi ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ. Ewu rẹ̀ ni pé ó lè da ìlù ọkàn rú, pàápàá nínú ẹni tó ti ju 60 ọdún lọ tàbí tó ní àrùn ọkàn. Ó yẹ kí wọ́n ṣe ECG, ìyẹn àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ pàdé erythromycin, clarithromycin, ketoconazole tàbí fluconazole. Ní Amẹ́ríkà, wọn ò fọwọ́ sí i fún títà. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀ látilé kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Ìsàlẹ̀ tó kún ń dá òkè dúró

Bí ìfun ńlá bá kún, ó máa ń ránṣẹ́ sókè pé kí àpòlúkù dúró ná. Torí náà, ẹni tí kò yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹ má tíì dá oògùn rẹ̀ lẹ́bi. Kó mu omi lítà kan àbọ̀ sí méjì lójúmọ́, àfi tí àrùn ọkàn tàbí kíndìnrín bá wà tí dókítà ti díwọ̀n omi fún un. Kó jókòó sórí ṣáláńgá ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, torí oúnjẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló ń jí ìfun ńlá. Ẹ gbé àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kó ga tó ìka ọwọ́ sí ọrùn ọwọ́, kí orúnkún lè ga ju ìdí lọ. Bí èyí ò bá tó, macrogol ni oògùn tó dáa láti bẹ̀rẹ̀: gíráàmù 17 nínú ife omi kan, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ó lè tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó ṣiṣẹ́, ẹ má sọ pé kò dáa lọ́jọ́ kìíní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àgbo jẹ̀díjẹ̀dí líle ṣan án. Ìgbẹ́ gbuuru máa fọ omi àti potassium kúrò lára. Potassium tó bá lọ sílẹ̀ á tún mú ìfun àti àpòlúkù sùn, ìfúnpá á wálẹ̀, tó bá sì ń lo domperidone, ewu ti ọkàn á pọ̀ sí i.

Wèrèpè

Wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí bí oògùn Parkinson, irọ́ kọ́ sì ni pé levodopa wà nínú èso rẹ̀: nínú gíráàmù 100 èso gbígbẹ, ó lè jẹ́ gíráàmù 4 sí 6. Gíráàmù márùn-ún péré ti lè ní mìlígíráàmù 200 sí 300 nínú, ìyẹn tó hóró 25/100 méjì sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kò ní carbidopa. Ohun tí a sọ lókè nípa levodopa tó ń di dopamine nínú ikùn ló máa ṣẹlẹ̀ sí púpọ̀ nínú rẹ̀, èébì ló sì sábà máa ń tẹ̀ lé e. Èso kan sì yàtọ̀ sí èkejì. Ẹni tó bá fi kún oògùn tó ń lò láìsọ fún dókítà, kò sẹ́ni tó máa mọ iye tó wà lára rẹ̀.

Tó bá di ti ilé ìwòsàn

Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà tó bá ń bi oúnjẹ àná, tó bá bi ẹ̀jẹ̀ tàbí ohun tó dà bí kọfí lílọ̀, tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tí ikùn wú tí kò só tí kò sì yàgbẹ́, tàbí tí kò bá ti lè gbé oògùn mì fún ọjọ́ kan. Ẹni kílò 60 tó bá ti fi kílò mẹ́ta rù láìgbèrò rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ rí dókítà.

Dókítà lè fi kámẹ́rà wo inú àpòlúkù kó lè rí i dájú pé kò sí ọgbẹ́ tàbí ohun tó dí ẹnu ọ̀nà. Àyẹ̀wò tó ń fi bí àpòlúkù ṣe ń yára tó hàn gan-an ni èyí tí wọ́n ń fún èèyàn ní oúnjẹ tí wọ́n fi èròjà tó ń tàn fún ẹ̀rọ sí, tí wọ́n sì ń ya àwòrán fún wákàtí mẹ́rin. Bí gbogbo ohun tí a ti kà sílẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́, àwọn oògùn kan wà tí kò gba inú àpòlúkù kọjá: rotigotine tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, apomorphine tí wọ́n ń gún, àti ẹ̀rọ tó ń fa levodopa sínú ìfun ní tààràtà. Wọ́n wọ́n, kì í sì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Ẹ kọ ìwé pélébé kan sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ fún ọjọ́ tí ẹ ò bá sí níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ oògùn rẹ̀, iye rẹ̀ àti aago tó ń lò ó, pé kí wọ́n má ṣe fò ó bí wọ́n bá dá a dúró sílé ìwòsàn, àti pé bí wọn ò bá fẹ́ kó jẹ nǹkan kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n fi rọ́bà imú fún un ní oògùn tàbí kí wọ́n lẹ ti awọ ara mọ́ ọn. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ pé metoclopramide àti haloperidol, rárá. Bí ó bá ń bì, ondansetron ṣeé fún un, àfi bó bá ń gba apomorphine, torí àwọn méjèèjì pọ̀ lè mú ìfúnpá rẹ̀ já lulẹ̀. Ondansetron náà máa ń mú ìgbẹ́ le, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ macrogol lọ́jọ́ kan náà.